Ojú Tó Wà Lábẹ́ Ọlọ Yín

Màámi ọ̀wọ́n,

Ẹ kò mọ ìwé kà nígbà tí ẹ wà láyé. Èmi ni mo máa ń ka lẹ́tà tí Bàbá bá kọ láti Jọ́ọ̀sì fún yín, ẹ ó sì ní kí n tún un kà, pé mo yára jù. Nítorí náà, n kò mọ ẹni tí yóò ka èyí fún yín. Ṣùgbọ́n mo ní láti kọ ọ́. Kíláàsì mi ní Ìkìrun ni mo jókòó sí, àwọn ọmọ ti lọ sílé, ilẹ̀ ò sì tíì ṣú. Mo fa ewé mélòó kan ya nínú ìwé ètò iṣẹ́ mi. Tí ẹ bá rí i pé ìwé náà rí wúruwùru, ẹ má bínú.

Ilé ìdáná yín ti wó. Ògiri tó kọjú sí ọ̀nà odò ló kọ́kọ́ yẹ̀ nígbà tí òjò ọdún yìí pọ̀ lápọ̀jù, páànù orí rẹ̀ sì dà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bọ̀dá Délé ní kí a kúkú wó èyí tó kù kí ó má bàa ya lu ẹnì kan. Wọ́n ní iṣẹ́ pásítọ̀ há àwọn mọ́ Òkukù, kí n bá àwọn bójú tó o. Mo dé Inísà láàárọ̀ Sátidé kan, mo pe bíríkìlà tó ń jẹ́ Múfú, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Mo ti kó ẹrù yín síta: ìkòkò ọbẹ̀ tó rún lẹ́nu, orógùn mẹ́ta, asẹ́ tí ẹ fi wáyà rán. Ọlọ nìkan ló kù. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé amọ̀ lẹ fi mọ ọ́n mọ́lẹ̀ yíká, tó fi jẹ́ pé ibi tí a ti ń lọ nǹkan nìkan ló hàn. Mo sọ fún Múfú pé kí ó rọra wú u, pé mo fẹ́ gbé e lọ sí Ìkìrun kí n lè máa fi rántí yín. Ó ki ọ̀pá irin bọ abẹ́ rẹ̀. Mo ń gbálẹ̀ lọ́wọ́ ní tèmi. Mo kàn ṣàkíyèsí pé gbogbo ibẹ̀ dákẹ́ ni.

"Àǹtí," Múfú pè mí, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Ẹ wá wo nǹkan."

Mo wá. Màámi, ojú èèyàn ni mo rí.

Ó dùbúlẹ̀ gbalaja sórí àfọ́kù amọ̀, ó ń wo òkè. Ojú rẹ̀ yọ síta bíi ti ẹni tí wọ́n jí lójú oorun, ẹnu rẹ̀ pa dé, ilà mẹ́ta-mẹ́ta wà lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì di ikùn mú. Kò ga ju ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn lọ. Etí rẹ̀ ọ̀tún wà níbẹ̀, tòsì ti kán. Erùpẹ̀ kún kòtò ojú rẹ̀. Mo fi ìka yọ ọ́ kúrò, n kò mọ ìdí tí mo fi ṣe bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn náà ni mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín bíríkì.

"Ọlọ kọ́ lèyí," Múfú sọ. "Ẹ̀yìn èèyàn ni wọ́n ti ń lọ ata."

Mo ti mọ ohun tó jẹ́. Kì í ṣe pé mo fura. Mo mọ̀ ọ́n dájú. Etí tó kán yẹn ni mo fi mọ̀ ọ́n.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, nítorí pé lẹ́yìn yín ni èyí bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ Ìsàlẹ̀-Odò ti gba yàrá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbọ̀ngán ìpàdé, wọ́n ń kó àwọn ohun àtijọ́ àdúgbò wa jọ síbẹ̀. Wọ́n ti gba òfì ìhunṣọ tí ẹnikẹ́ni ò lò mọ́, wọ́n gba ìkòkò aró, wọ́n gba igbá ràbàtà tí àwọn baba wa fi ń gbé èèyàn sọdá odò Ọ̀tìn kí wọ́n tó ṣe afárá. Nítorí pé tíṣà ni mí, èmi ni wọ́n ní kí n máa kọ ọ̀rọ̀ sórí páálí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ohun kọ̀ọ̀kan. Wọ́n fi àyè kan sílẹ̀ láàárín yàrá náà tí kò sí nǹkan kan níbẹ̀, àfi fọ́tò àtijọ́ kan lára ògiri. Nínú fọ́tò náà, Ìyá Ọ̀tìnwálé dúró ní ọ̀dọ́bìnrin, ó gbé ọwọ́ lé èjìká òkúta kan tó ní ojú àti ẹnu, tí etí òsì rẹ̀ kán. Arúgbó Odò ni, òkúta tí Ìyá Ọ̀tìnwálé ń tọ́jú. Èmi ni mo kọ páálí abẹ́ rẹ̀. Mo kọ ọ́ pé: "Àyè Arúgbó Odò, òkúta àwọn baba wa. Ẹni tí àdúgbò ní kó máa tọ́jú rẹ̀ tà á fún àwọn tó ń ra nǹkan àtijọ́ káàkiri."

Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́, Màámi. Mo lo bírò pupa fún ìlà tó kẹ́yìn kí àwọn ọmọdé lè rí i. Nígbà tí mò ń kọ ọ́, òkúta tí mò ń wí wà nínú ilé wa, mo sì ti jẹ ọbẹ̀ tí a lọ ata rẹ̀ lórí rẹ̀ láti kékeré mi.

Kí ló dé tí ẹ kò sọ fún wa?

Gbogbo nǹkan tó ti yé mi nípa yín tẹ́lẹ̀ ló ń yí padà. Mo rò pé ẹ fẹ́ràn ìmọ́tótó ni ẹ fi máa ń fọ ọlọ yẹn fúnra yín, tí ẹ ó fi aṣọ funfun nu ún, tí ẹ kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó lé e. Mo rò pé ahun ni yín díẹ̀, nítorí pé nígbà tí ọkùnrin tó máa ń ṣá ojú ọlọ fún àwọn obìnrin bá ń kiri, ẹ kì í pè é. Nígbà tí ẹ̀rọ ìlọta dé ìkóríta, gbogbo ilé ló ń gbé ata lọ síbẹ̀, àfi ilé wa. Ẹ ní ẹ̀rọ máa ń jẹ́ kí ata rùn bí irin. Nígbà tí mo fẹ́ lọ ilé ọkọ, tí mo ní kí ẹ fún mi ní ọlọ náà, ẹ wò mí bí ẹni pé mo bú yín. Lọ́jọ́ kejì ẹ lọ sí Òṣogbo, ẹ ra bílẹ́ńdà tuntun wá fún mi. Inú mi dùn nígbà náà. Mo ní ẹ kẹ́ mi.

Mo tún rántí ọjọ́ tí wọ́n lé Ìyá Ọ̀tìnwálé. Mi ò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ. Àwọn ọ̀dọ́ Ìsàlẹ̀-Odò ń sọ òkúta sórí páànù rẹ̀, òkúta náà ń dún, ó ń yí, ó ń jábọ́. Ọkọ rẹ̀ gbé àpótí, òun gbé ẹní àti ìkòkò, wọ́n kọjá níwájú ilé wa lọ sójú títì. Mo di ìró yín mú. Ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹ kò sọ nǹkan kan. Obìnrin náà yíjú sí yín, ó mi orí bí ẹni ń kí èèyàn. Nígbà tí wọ́n kọjá tán, ẹ wọ ilé ìdáná lọ, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ ẹ̀gúsí. Ẹ lọ ọ́ títí ó fi di òróró. Ẹnikẹ́ni ò sè é. Mo rò pé àánú rẹ̀ ló ń ṣe yín.

Kí lẹ rò nígbà tó mi orí sí yín?

Mo fún Múfú ní ewé kókò, ó fi bo òkúta náà. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ní òun ò ní sọ, ṣùgbọ́n kò lè wo ojú mi mọ́. Mo pe Bọ̀dá Délé lórí fóònù. Wọ́n dé láti Òkukù kí ọ̀sán tó pọ́n, wọ́n ṣì wọ kóòtù àti táì tí wọ́n fi so tọkọtaya kan pọ̀ níbẹ̀. Wọ́n ká ewé náà kúrò. Lẹ́yìn náà wọ́n tú táì ọrùn wọn.

"Múfú, bá mi mú òòlù ńlá wá," wọ́n sọ.

Mo ní, "Ẹ fẹ́ fi ṣe kí ni?"

"O mọ ohun tí mo fẹ́ fi ṣe. Òrìṣà ni. Ìyá wa ò mọ ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹnì kan ló tà á fún wọn ní ọlọ."

"Bọ̀dá, àwọn ló fi amọ̀ mọ ọ́n. Àwọn ló dojú rẹ̀ délẹ̀."

"Má sọ bẹ́ẹ̀."

"Ta ló tún dé ilé ìdáná yìí, tó bá ṣe pé àwọn kọ́?"

Wọ́n jókòó sórí ìkòkò ìpọnmi yín tó dojú dé. Mi ò rí Bọ̀dá mi kí wọ́n sunkún láti ọjọ́ tí a ti sin Bàbá, ṣùgbọ́n ojú wọn pọ́n. "Ǹjẹ́ o mọ orúkọ tí wọ́n ń pe Màámi ní gbogbo àyíká yìí?" wọ́n bi mí. "Màmá Àdúrà. Èèyàn tí kò mọ̀ wọ́n rí ń fi orúkọ wọn sọ ọmọ. Ìwọ fẹ́ kí n dúró lórí pẹpẹ kí àwọn èèyàn máa wò mí pé ọmọ olè ni mí?"

Mo bọ́ síwájú òkúta náà, mo dúró. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ wọ́n ní ó dáa, a ò ní fọ́ ọ. Wọ́n ní kí a gbé e sínú búùtù ọkọ̀ wọn, kí a lọ tẹ́ ẹ sí etí odò níbi tí àgbàrá ti wú ilẹ̀. Apẹja kan tàbí obìnrin tó ń fọṣọ yóò rí i. Àdúgbò yóò yọ̀ pé odò ló dá a padà. Ẹnikẹ́ni ò ní béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Màámi, mo gbà. Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ fún yín, mo gbà. Mo tilẹ̀ ti di orí rẹ̀ mú, Bọ̀dá di ẹsẹ̀ rẹ̀, a ti gbé e dé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Ìgbà yẹn ni mo rántí pé páálí tí mo kọ ṣì wà lára ògiri. Bí odò bá dá Arúgbó padà, kí ni n ó wá kọ síbẹ̀? Mo ní kí Bọ̀dá gbé e sílẹ̀. Wọ́n gbé e sílẹ̀. Wọ́n wọ ọkọ̀ wọn, wọ́n lọ láì kí mi pé ó dàbọ̀. Mo ní kí Múfú ràn mí lọ́wọ́, a gbé e sínú yàrá yín, mo ti ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà mo lọ sí yàrá ìṣẹ̀ǹbáyé, mo ya páálí náà kúrò, mo sì fún un pọ̀ sínú báàgì mi.

Lọ́jọ́ Ajé, mo tọrọ àyè níléèwé, mo gun ọ̀kadà láti Ìkìrun lọ sí Eko Ende. Mo gbọ́ pé ibẹ̀ ni Ìyá Ọ̀tìnwálé ń gbé, mi ò sì mọ̀ bóyá ó ṣì wà láyé. Ó wà. Ó jókòó sábẹ́ igi ọsàn níwájú ilé ọmọ rẹ̀, ó ń bó ẹ̀gúsí sínú abọ́. Ó ti dàgbà gan-an, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ríran kedere. Kí n tó kúnlẹ̀ tán ló ti mọ̀ mí.

"Ọmọ Ìyá Délé kọ́ nìyí?"

"Èmi ni, mà. Ẹ kú ìjókòó, mà."

"Iwájú orí yẹn ni mo fi mọ̀ ọ́. Jókòó, ọmọ mi. Jókòó sí ibi tó tutù." Ó fi ọwọ́ nu àpótí ìjókòó fún mi. "Mo gbọ́ pé ìyá rẹ ti lọ. Nígbà tí ìkórè dé tí n kò rí i, mo ní kí Ọ̀tìnwálé bá mi wádìí. Ó dùn mí. Nínú gbogbo Inísà, òun nìkan ló mọ ọ̀nà ibí. Gbogbo ọdún, ní àkókò ìkórè, yóò gbé ata gbígbẹ tó lọ kúnná wá fún mi. Mo máa ń tọ́jú rẹ̀ di ìgbà òjò. Kì í jókòó pẹ́. Yóò kàn gbé e kalẹ̀, yóò sì wò mí."

Mi ò mọ̀, Màámi. Ẹ sọ fún wa pé ilé àdúrà kan lẹ ń lọ ní gbogbo ìkórè. Mo jókòó sórí àpótí yẹn, mo ń gbọ́ ìyìn yín lẹ́nu obìnrin náà, ó sì ń ṣe mí bíi kí n dìde kí n sá. Mo mọ̀ pé tí n kò bá sọ ọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, n kò ní lè sọ ọ́ mọ́.

"Ìyá," mo ní, "Arúgbó Odò wà nílé wa. Ilé ìdáná Màámi la ti bá a lọ́jọ́ Sátidé. Ó dojú bolẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n fi ṣe ọlọ."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ẹ̀gúsí kan wà láàárín ìka rẹ̀ méjì. Ó wò mí, kì í ṣe bí ẹni tí inú ń bí. Bí ẹni tí kò gbọ́ dáadáa ló wò mí. Lẹ́yìn náà ó bó ẹ̀gúsí yẹn tán, ó jù ú sínú abọ́, ó mú òmíràn, kò lè bó o.

"Ojú rẹ̀ ńkọ́?" ó béèrè.

"Ó wà bẹ́ẹ̀, mà. Etí òsì nìkan ló kán."

"Etí yẹn ti kán kí wọ́n tó bí ìyá mi." Ó gbé abọ́ náà sílẹ̀. "Ilé Ìyá Délé. Orí rẹ̀ ló ti ń lọ ata."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ata tó ń gbé wá fún mi."

Mo wólẹ̀ níwájú rẹ̀, mo dojú bo ilẹ̀. Mo ń retí kó lé mi, tàbí kó ṣépè. Mo kàn gbọ́ tó ń mí. Aya ọmọ rẹ̀ yọjú láti inú ilé, ó béèrè pé kí ló ṣẹlẹ̀, ìyá náà ní kó padà wọlé.

Ìgbà tó yá ló sọ ohun tí n kò mọ̀ fún mi. Ó ní ọ̀sẹ̀ ìsọjí ni òkúta náà sọnù. Ṣọ́ọ̀ṣì wa ti pàgọ́ sí pápá, oníwàásù kan tó wá láti ọ̀nà jíjìn sì ti sọ pé àwọn yóò fọ́ Arúgbó Odò ní ọjọ́ Sọ́ńdè lójú gbogbo ayé. Gbogbo ẹgbẹ́ alágbàwí, àwọn aládúrà ìjọ, tí ẹ̀yin jẹ́ aṣáájú wọn, ló ń kọrin kiri pẹ̀lú òòlù. Ó ní ní ọ̀sán Jímọ̀, ẹ yà sọ́dọ̀ òun. Ẹ bá òun ṣeré díẹ̀ bí ẹ ti máa ń ṣe, nítorí pé ọ̀rẹ́ ni yín kí ṣọ́ọ̀ṣì tó dé. Ẹ béèrè ìgbà tí òun yóò lọ sóko.

"Èmi ni mo sọ fún un," ó ní. "Mo ní Sátidé ni, pé èmi àti bàbá yóò kúrò ní ìdájí, a ò ní dé títí di ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí mo dé, mo bá àyè rẹ̀ lófìfo. Mo rò pé àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni. Àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ní àwọn kọ́. Àdúgbò wá ní èmi ni, pé mo ti rí i pé wọ́n máa fọ́ ọ, mo sì yára fi pawó. Mo ń wo ojú gbogbo wọn. Mi ò wo ojú ìyá rẹ."

Màámi, báwo lẹ ṣe dá gbé irú òkúta yẹn délé? Ṣé ẹ gbé e láti fọ́ ọ, tí ẹ kò sì lè ṣe é? Àbí ẹ gbé e kí wọ́n má bàa fọ́ ọ? Tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ gbà á là ni, kí ló dé tí ẹ kò gba obìnrin náà là? Ìsọjí parí, oníwàásù náà lọ, ọdún ń gorí ọdún. Ọjọ́ kan ṣoṣo pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ì bá ná yín. Ẹ̀rù ta ló bà yín? Ti ṣọ́ọ̀ṣì ni? Ti àdúgbò ni? Àbí tiwa, àwa ọmọ yín? Gbogbo ìgbà tí mo bá rò pé mo ti rí ìdí rẹ̀, mo tún rántí ata yẹn, ó sì tún dàrú mọ́ mi lójú.

Mo sọ fún Ìyá Ọ̀tìnwálé nípa ohun tí Bọ̀dá wí, pé kí a tẹ́ ẹ sí etí odò. Ó mi orí.

"Rárá. Mi ò fẹ́ kí odò dá a padà. Odò kọ́ ló gbé e. Ojú ọ̀sán ni wọ́n ti dárúkọ mi, lójú gbogbo èèyàn. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ ṣe dárúkọ ẹni tó gbé e."

"Ìyá mi ti kú, mà."

"Ọkọ mi náà ti kú," ó dá mi lóhùn. Kò gbé ohùn sókè.

Mo ṣe é, Màámi. Mo mọ̀ pé ẹ kò ní fẹ́ kí n ṣe é. Wọ́n pe ìpàdé sí gbọ̀ngán ní Sátidé tó tẹ̀ lé e. Ọ̀tìnwálé fi bọ́ọ̀sì gbé ìyá rẹ̀ wá. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan Ìsàlẹ̀-Odò láti ọjọ́ tí wọ́n ti lé e. Múfú àti ọkùnrin kan gbé Arúgbó Odò wọlé, wọ́n fi aṣọ bò ó. Mo dìde. Mo ti kọ ohun tí mo fẹ́ sọ sórí ìwé, mi ò lè kà á. Mo ní, "Ìyá mi, Ìyá Délé, tí gbogbo yín ń pè ní Màmá Àdúrà, ló gbé Arúgbó Odò. Ilé ìdáná wa ló wà láti ìgbà náà. Ìyá Ọ̀tìnwálé kò tà á. Kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀." Mo ká aṣọ náà kúrò.

Ẹnikẹ́ni ò pariwo. Ìyẹn ló yà mí lẹ́nu jù. Mo ti múra de ariwo. Obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wa kan dìde ní ìjókòó ẹ̀yìn, ó fi ìborùn bo ẹnu, ó jáde. Àwọn méjì tẹ̀ lé e. Àwọn tó kù ń wo òkúta náà bí ẹni ń wo èèyàn wọn tó ti rin ìrìn àjò dé. Ìgbà tí mo gbójú sókè ni mo rí Bọ̀dá Délé nídìí ilẹ̀kùn, wọ́n dúró ṣánṣán, wọn ò sì jáde.

Bàbá Alága Ìsàlẹ̀-Odò ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó wà lára àwọn ọ̀dọ́ tó sọ òkúta sórí páànù nígbà yẹn. Ọ̀pá ló fi ń rìn báyìí. Ó ṣí fìlà, ó tẹ̀ síwájú Ìyá Ọ̀tìnwálé, ó gbìyànjú láti dọ̀bálẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ kò gbà fún un, ó sì dúró bẹ́ẹ̀ ní títẹ̀.

"Ìyá, kí lẹ fẹ́ kí a ṣe?" ó béèrè. "A ó tún ilé yín kọ́. A ó fi ilẹ̀ yín sílẹ̀ fún yín. Ohun tí ẹ bá sọ náà ni."

"Mi ò fẹ́ ilé," ó ní. "Mo ti ní ilé. Ọdún kejì tí a dé Eko Ende ni bàbá Ọ̀tìnwálé kú. Àwọn ará Inísà kò sí níbi ìsìnkú rẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo ò wá. Títí tó fi kú ló ń bi mí pé, ṣé lóòótọ́ n kò tà á. Èmi ìyàwó rẹ̀. Ẹ wá sọ fún un."

Ìyẹn nìkan ló béèrè. Mo gbọ́ tí ẹnì kan mí kanlẹ̀ lẹ́yìn mi.

Lánàá la lọ. Bọ̀dá Délé ló fi bọ́ọ̀sì ṣọ́ọ̀ṣì wọn gbé àwọn àgbà náà. Wọn ò bá mi sọ̀rọ̀ lọ́nà, ṣùgbọ́n wọ́n fi ìjókòó iwájú sílẹ̀ fún mi. Sàréè bàbá náà wà lẹ́yìn ilé, koríko ti bò ó, àmì kan ò sí níbẹ̀ bí kò ṣe òkúta kékeré tí wọ́n tò yí i ká. Bàbá Alága pe orúkọ rẹ̀. Ó sọ ọ́ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bí ẹni ń bá alààyè sọ̀rọ̀: pé ìyàwó rẹ kò tà á, pé àwa la ṣìnà, pé èmi gan-an wà lára àwọn tó sọ òkúta. Lẹ́yìn náà wọ́n ní kí èmi náà sọ̀rọ̀. Gbogbo ohun tó jáde lẹ́nu mi ò ju pé, "Bàbá, ìyá mi ni." Bọ̀dá Délé wá síwájú, wọ́n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọ́n sì tún un sọ: "Ìyá wa ni."

Ìyá Ọ̀tìnwálé jókòó sórí àga tí wọ́n gbé fún un. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, kò sunkún. Nígbà tí a parí, ó sọ fún aya ọmọ rẹ̀ pé kó bu oúnjẹ fún àlejò.

Nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Inísà, wọ́n ti yọ fọ́tò yín kúrò lára ògiri ibi tí ẹgbẹ́ alágbàwí ti ń pàdé. Mi ò bá wọn jà. Àwọn kan ní wọn ò gbà gbọ́, pé èmi ni mo pa irọ́ mọ́ yín. Mi ò bá àwọn náà jà. Èmi fúnra mi ṣì ń jí láàárọ̀ pẹ̀lú èrò pé kò rí bẹ́ẹ̀, títí n ó fi rántí. Inú ń bí mi sí yín, Màámi, àárò yín sì ń sọ mí. Mi ò mọ̀ pé èèyàn lè ní méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, débi pé n kò mọ èyí tó ń pa mí lẹ́kún.

Ohun kan ló kù tí mo ní láti sọ fún yín kí ó má bàa bá yín lójijì. Nígbà tí a fẹ́ kúrò ní Eko Ende lánàá, Ìyá Ọ̀tìnwálé fà mí sẹ́yìn. Ó ní bí òjò bá dá díẹ̀, kí Ọ̀tìnwálé gbé òun wá sí Inísà, sí ibi sàréè yín. Mo ní kó sọ ọjọ́ náà fún mi, kí n lè wá mú un lọ.

"Má wá," ó ní. "Ọ̀rọ̀ èmi àti rẹ̀ ni."

Mi ò mọ ohun tó fẹ́ bá yín sọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fetí sí i.

Èmi ni ọmọ yín obìnrin, tó fẹ́ràn yín lánàá, tó ṣì fẹ́ràn yín lónìí bí ọ̀rọ̀ yìí tilẹ̀ le.